Ìfẹ́ Lábẹ́ Kòbókò

Nínú àwọn ìwé ìfẹ́ tí mo máa ń kà, abẹ́ igi òdòdó lojú olólùfẹ́ ti ń pàdé. Ibùdókọ̀ Ọ̀yìngbò ni tèmi àti Làbákẹ́ ti pàdé, lọ́dún 1984, nígbà tí mo di etí méjèèjì mú, tí mò ń fò bí ọ̀pọ̀lọ́ níwájú èrò. Mo já ìlà ọkọ̀ ni, sójà tí ìjọba ológun fi ṣọ́ èrò kí wọ́n máa tò sì fi kòbókò ya ṣẹ́ẹ̀tì mọ́ mi lẹ́yìn.

"Bọ̀dá oníṣẹ́ẹ̀tì funfun, ẹ fò dáadáa o!"

Ẹnì kan ló pariwo bẹ́ẹ̀ láti orí ìlà. Gbogbo ìlà bú sẹ́rìn-ín, àfi ọmọbìnrin kan. Ó wò mí, mo wò ó. Mo gbàgbé láti fò. Sójà rán mi létí.

Láti ọjọ́ náà, mo ń bá a tò láràárọ̀, lẹ́tà ìfẹ́ lápò mi, mi ò láyà láti fún un. Tíṣà ni Làbákẹ́, ní Muṣin. Lọ́jọ́ kan mo fọ́nnu:

"Àǹtí Làbákẹ́, kòbókò yẹn ló sọ mí dèèyàn."

"Ẹ má parọ́, Bọ̀dá Ọládèjì. Bí mo bá na àwọn ọmọ kíláàsì mi, wọ́n á dákẹ́ títí màá fi yíjú. Sójà lẹ̀ ń bẹ̀rù."

"Èmi kẹ̀! Mo ti yí padà pátápátá."

Kò pẹ́ náà ni sójà ò wá láàárọ̀ ọjọ́ kan, òjò sì ń rọ̀. Bí mólùé ṣe dúró, ojú fèrèsé ni ẹni tó ti yí padà gbà wọlé. Bàtà mi gbá gèlè ìyá àgbà kan sínú ẹrẹ̀. Mo jókòó tán, mo wá bojú wẹ̀yìn wá olólùfẹ́ mi. Ó wà lórí ìlà, ó ń nu gèlè ìyá náà. Ó kàn wò mí. Háà, kòbókò ìbá sàn!

Mo sọ̀ kalẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ìyá náà nínú ẹrẹ̀.

"Dìde jàre, o ń dínà!" ni ìyá náà wí.

Mo lọ tò sí ìdí ìlà pátápátá. Ọkọ̀ kún, ó lọ. Làbákẹ́ fi ààyè rẹ̀ sílẹ̀, ó wá bá mi.

"Kò sí sójà ńbí o. Ta lẹ̀ ń tò fún?"

Gbogbo ọ̀rọ̀ dídùn inú ìwé sá lórí mi.

"Ojú ló ń tì mí."

Ó rẹ́rìn-ín, ó nawọ́. "Ẹ mú ohun tẹ́ ẹ ń fọwọ́ tẹ̀ lápò látijọ́ yìí wá."

Òjò ti fọ yíǹkì lẹ́tà náà pọ̀ mọ́ra, ó dà bí ẹ̀fọ́. Mo kó o lé e lọ́wọ́ bẹ́ẹ̀.