Ìbéèrè Kẹta Ti Rìn Lọ

Èmi yìí ni mo kọ́ íńkì bí wọ́n ṣe ń dúdú. Kí wọ́n tó bí mi, omi lásán ni. Lọ́jọ́ kan, mo rọ íńkì sínú kátíríìjì òfo kan, ó tẹ̀wé, ó tẹ̀wé, títí àwọn igi inú igbó fi kó ẹrù wọn, tí wọ́n sá kọjá odò kí wọ́n má baà di pépà. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kó lọ bi àwọn igi náà, tó bá rí wọn.

Ọ̀dọ̀ àǹtí mi, àbúrò ìyá mi, ni mo ti kọ́ṣẹ́ náà. Yàrá kan ló ní fún iṣẹ́ ìtẹ̀wé, pẹ̀lú ẹ̀rọ kan, tábìlì kan, àti àpò ńlá tó kún fún kátíríìjì òfo. Àǹtí kì í sọ kátíríìjì nù. Tó bá ti gbẹ, a ó fi abẹ́rẹ́ oníke fa íńkì látinú ìgò, a ó rọ ọ́ gba ihò òkè rẹ̀ wọlé díẹ̀díẹ̀, a ó nu ẹnu rẹ̀, ó tún di ọ̀tun.

"Òfo kan ò sí láyé yìí," ni Àǹtí máa ń wí, "àfi orí tìẹ."

Láàárọ̀ ọjọ́ tí mo ń wí yìí, ìwé ìdánwò la fẹ́ tẹ̀. Ọ̀gá ilé-ìwé fúnra rẹ̀ ń bọ̀ wá kó o kí oòrùn tó kan àtàrí. Àǹtí fẹ́ lọ ra pépà kún èyí tó wà nílẹ̀, ó na ìka sí mi.

"Ẹlẹ́nu, rọ íńkì dúdú yẹn kí n tó dé. Bí iṣẹ́ yìí bá bàjẹ́, ọ̀dọ̀ onítẹ̀wé tó wà ní òdìkejì títì lọ́hùn-ún ni Ọ̀gá máa kó gbogbo iṣẹ́ ilé-ìwé lọ, èmi àtìẹ á sì máa fi afẹ́fẹ́ jẹun."

"Àǹtí, ẹ fọkàn balẹ̀. Èmi tí mo lè rọ íńkì sínú òkúta kó tẹ̀wé!"

Mo gbé ìgò íńkì. Ó ti gbẹ. Mo mọ ibi tó lọ, ṣùgbọ́n ẹ má tíì bi mí.

Kí ni ọkùnrin ó ṣe? Mo po kọfí dúdú, mo da ṣúgà sí i kó lè ki, mo ha dúdú ẹ̀yìn ìkòkò sí i, mo sẹ́ ẹ, mo rọ ọ́ sí kátíríìjì. Ẹ̀rọ gbé e mì, ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀wé wàràwàrà.

Àǹtí wọlé, ó gbé imú sókè. "Kí ló ń ta sánsán báyìí?"

"Íńkì ìgbàlódé ni, Àǹtí. Ẹni tó ṣe é gan-an ò tíì rí irú ẹ̀ rí."

Kò pẹ́ sígbà náà ni Ọ̀gá ilé-ìwé dé, awò ojú rẹ̀ nípọn bí ìdí ìgò. Ó gbé ìwé kan, ó ń kà á. Ó bọ́ awò, ó nù ún, ó wọ̀ ọ́ padà.

"Madáàmù," ó ní, "àmì ìdánudúró yìí ń rìn."

"Ẹ ní kí ni, sà?"

"Ó ń rìn. Ó ti kọjá sí ìlà kejì. Òmíràn tún ń bọ̀ wá pàdé ẹ̀."

Èèrà ni! Wọ́n tò sórí ìlà bí ọmọ ilé-ìwé, wọ́n ń lá ìbéèrè kìíní, wọ́n ń lá ìkejì. Ìkẹta, ọ̀wọ́ kan ti rù ú lórí, wọ́n ń gbé e lọ sí ojú fèrèsé. Àwọn tó kàwé nínú wọn ti ń dáhùn ìkẹrin.

Mo fò dìde. "Ọ̀gá, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é! Íńkì tó ń rìn ni, kí ọmọ kankan má baà jí ìwé wò. Kó tó wo ti ẹnìkejì rẹ̀, ìbéèrè ti kó kúrò ládùúgbò."

Ọ̀gá wò mí bí ẹni ń wo ìṣirò tí kò já. "Ìbéèrè kẹta mi ti rìn lọ, o wá ń bá mi ṣàwàdà?" Ó mú báàgì rẹ̀, ó kọjú sí òdìkejì títì.

Ojú Àǹtí ṣú. "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ fìdí kalẹ̀ ná." Ó yíjú sí mi. "Ìgò íńkì mi ńkọ́?"

"Ẹ̀rọ ló mu ún tán, Àǹtí. Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́."

Ó da àpò kátíríìjì òfo sílẹ̀ gbàrà, ó ń fi abẹ́rẹ́ fa ẹ̀kán tó kù nídìí ọ̀kọ̀ọ̀kan, díẹ̀ níbí, díẹ̀ lọ́hùn-ún, bí ẹni ń fún wàrà lára ewúrẹ́ tó ti gbẹ. Ọ̀gá jókòó sí etí àga, báàgì lórí itan, títì ló ń wò. Àǹtí ṣa kátíríìjì kan tó ṣì dára, ó rọ gbogbo rẹ̀ sínú rẹ̀, ó tì í bọ ẹ̀rọ.

Ìwé jáde. Dúdú kirikiri. Ọ̀gá fi ìka ti àmì ìdánudúró kan, ó dúró wò ó. Kò rìn.

"Ó dúró," ni Ọ̀gá wí, ó gbé báàgì sílẹ̀. "Ẹ máa tẹ̀ ẹ́ lọ, madáàmù."

Àǹtí mí kanlẹ̀. Ó tiẹ̀ fẹ́ rẹ́rìn-ín sí mi. Ká ní mo panu mọ́ ni, ǹ bá ti bọ́.

"Ṣé ẹ rí i?" ni mo wí. "Èmi ni mo ní kí ẹ̀rọ mu ìgò yẹn tán, ká lè mọ iyì òfo."

Ibẹ̀ ni télọ̀ ìtòsí wa, tó máa ń sùn lórí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ láràárọ̀, já wọlé. Irunmú dúdú ńlá wà lójú rẹ̀, ó lọ́ bí ìwo àgbò dé ìdí etí.

"Ìyá Onítẹ̀wé! Láti àárọ̀ làwọn oníbàárà ti ń fi mí rẹ́rìn-ín, mi ò mọ̀dí ẹ̀ àfìgbà tí mo wo dígí. Mo ti fọ̀ ọ́ fọ̀ ọ́, kò lọ. Ta ló ń fi íńkì yín ya nǹkan sójú olójú?"

Àǹtí wo irunmú. Ó wo ìgò òfo. Ó wò mí. Ọ̀gá náà bọ́ awò rẹ̀, ó nù ún, ó wò mí.

"Ẹlẹ́nu," ni Àǹtí wí jẹ́jẹ́, ọwọ́ rẹ̀ ń wá rúlà onírin, "ẹ̀rọ ló mu ún, àbí?"

Mo bẹ́ gba ojú fèrèsé, mo fo àwọn èèrà tó ru ìbéèrè kẹta, mo sì sáré débi pé títí dòní, òjìji mi ṣì ń pè mí lẹ́yìn pé kí n jọ̀ọ́ dúró de òun.