Hàǹtú tí Àlàájì Rájí Gbé Wá

Ẹ̀rù Àlàájì Rájí ń bà mí. Kí n tètè sọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni, kò sì sẹ́ni tó ń dá a lóhùn ní agboolé wa. Lójú rẹ̀ mo máa ń kúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti ń wò ó, ó pẹ́. Orí rẹ̀ ṣófo; láwàní ni kò jẹ́ kó hàn.

Rọpárọsẹ̀ ló mú ọkọ mi, Ìyàndá, nínú oko ní ìlú Ara. A gbé e wá sí ọsibítù ní Ẹdẹ, sí wọ́ọ̀dù àwọn tí àìsàn wọn le. Ọ̀fun rẹ̀ kò lè gbé nǹkan mì. Dókítà Adébísí, obìnrin tó ń tọ́jú rẹ̀, kìlọ̀ fún mi: "Ìyá Naimat, nǹkan kan ò gbọdọ̀ kan ẹnu wọn o, omi pàápàá. Ẹ̀dọ̀fóró ló máa lọ, wọ́n á sì kú."

Ni Àlàájì bá gbé abọ́ hàǹtú dé. Áfáà kọ àdúà sára wàláà, wọ́n fi omi fọ̀ ọ́ sínú abọ́. Èmi náà gbà á gbọ́, òun ni mo fi tọ́ àwọn ọmọ mi. Kì í ṣe hàǹtú ni mo kórìíra.

"Ẹ gbé orí rẹ̀ sókè," Àlàájì wí.

"Rárá, sà," Dókítà dáhùn.

"Ta ni ìwọ? Ṣé o lọ́kọ nílé?"

Dókítà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn, kò dáa. "Kò sí, sà. Iṣẹ́ yìí kò jẹ́ kí n gbélé, ọkọ mi ti kó ẹrù rẹ̀ lọ. Ìyá mi náà ò sí. Rọpárọsẹ̀ mú wọn, èmi wà níbí, mò ń du ẹ̀mí ìyá oníyàá. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ọlọ́gbọ́n bíi yín, da ẹ̀kọ gbígbóná sí wọn lẹ́nu níbi tí wọ́n dùbúlẹ̀ sí. Ó ní ebi ń pa wọ́n. Gbogbo ìwé tí mo kà, sà, ẹ̀kọ abọ́ kan ló fi mí ṣẹ̀sín."

Àlàájì pòṣé. "Ẹ̀kọ ni tìẹ. Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run lèyí."

Nọ́ọ̀sì kígbe láti bẹ́ẹ̀dì kejì. Dókítà wò mí, ó sáré lọ. Ó wá ku èmi àti Àlàájì. Ó ti na ọwọ́ sí ẹnu ọkọ mi.

Mo kúnlẹ̀. "Ẹ gbé e wá, bàbá. Ìyàwó rẹ̀ ni mí."

Ó rò pé mo fẹ́ fún un mu ni, ó gbé abọ́ lé mi lọ́wọ́. Mo ní bísímílà, mo gbé e mu tán.

"Kí lo ṣe yìí!"

"Mo bá a mu ún ni, sà. Àbí àdúà Áfáà ò lágbára tó láti ti ara ìyàwó dé ara ọkọ?"

Ó já abọ́ gbà lọ́wọ́ mi. Bó bá ní kò lè dé, Áfáà ló bú yẹn.

"Màá gbé òmíràn wá lọ́la."

"Ẹ gbé e wá, sà. Òùngbẹ ṣì ń gbẹ mí."

Ó bínú jáde. Mo fa àga sáàárín bẹ́ẹ̀dì àti ilẹ̀kùn, mo jókòó.