Òbúkọ Tó Jẹ Rọ́bà Ẹja Mi

Ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì yín sílẹ̀ ná, ẹ̀yin ará ilé wa, omi ò ní sá lọ. Àlá tí mo lá mọ́júmọ́ òní yìí, kò sẹ́ni tó lá irú ẹ̀ rí ní gbogbo Ìlaró, títí dé ẹ̀yìn odò. Bùọ̀dá Látóyè, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ tán kẹ́ ẹ tó sọ pé irọ́ ni.

Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé mò ń sin ọmọ ẹja àrọ̀ nínú àpótí gíláàsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Ẹ sì mọ Alága, èyí tó tóbi jù nínú wọn, tí mo máa ń fi han àlejò. Àná yìí náà ni mo sọ fún Bùọ̀dá Látóyè pé Alága ti tó òbúkọ. Ọjọ́ ti pẹ́ tí Ìyá Àgbà ti ń pariwo oríkì mi pé, "Àkànjí, ṣa èyí tó tóbi kúrò láàrin àwọn kéékèèké. Àrọ̀ máa ń jẹ àbúrò ẹ̀ o!" Mi ò gbọ́. Tí mo bá yọ Alága kúrò, kí ni màá wá fi han àlejò? Àwọn tó kù ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn.

Nínú àlá náà, wọ́n múná lọ. Ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi fún wọn dákẹ́. Ó yíjú sí mi, ó ní, "Múfú, mo ti ṣíwọ́."

Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o. Àwọn ẹja wá ń kọ́?"

"Ìyẹn ò kàn mí. Lọ bá wọn ní Ọ́fíìsì Atẹ́gùn. Kó o sì yára o, wọn ò ní pẹ́ kú."

Mo wo inú gíláàsì. Gbogbo wọn ti wá sójú omi, wọ́n ń lanu wá èémí. Èyí tó kéré jù, tí irùngbọ̀n ẹ̀ kan wọ́, tí mò ń pè ní Tíńtín, ti fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Ẹ̀rù bà mí gan-an.

Mo ní, "Ibo ni ọ́fíìsì ọ̀hún wà?"

Ẹ̀rọ náà fi wáyà ẹ̀ júwe. Ọ́fíìsì náà ló léfòó sójú omi nínú gíláàsì mi yẹn, tòun ti páànù òrùlé, tòun ti fáànù, tòun ti bẹ́ńṣì tí àwọn èèyàn fi ń dúró de ọ̀gá. Inú rọ́bà tí ẹ̀rọ fi ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi ni mo gbà wọlé. Èmi yìí, tí èjìká mi fẹ̀ ju ilẹ̀kùn lọ! Kò fún mi rárá.

Ọkùnrin kan tó wọ táì ló jókòó sẹ́yìn tábìlì, ó ki ẹsẹ̀ méjèèjì bọ omi.

"Ẹ káàárọ̀, sà."

"Kí lo bá wá?"

"Atẹ́gùn ni, sà. Àwọn ọmọ mi ń kú lọ."

"Báwo ni wọ́n ṣe tóbi tó?"

Òótọ́ ni mo fẹ́ sọ, ẹ gbà mí gbọ́. Àmọ́ àwọn tó wà lórí bẹ́ńṣì ń wò mí. Mo ní, "Sà, ọ̀kan nínú wọn tó ọkọ̀ ojú omi."

Mi ò tíì panu dé tí Alága fi wú. Ó tó ọkọ̀ ojú omi lóòótọ́, àjẹ̀ gan-an wà lára ẹ̀. Ó mí sínú lẹ́ẹ̀kan péré, atẹ́gùn ọ́fíìsì náà tán, fáànù bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ló bá tún yanu, ó gbé àbúrò ẹ̀ méjì mì. Kò tiẹ̀ jẹ wọ́n lẹ́nu.

Ọ̀gá náà mi orí, ó ní, "Ó tóbi lóòótọ́. Ẹni tó bá tóbi la máa ń fún ní atẹ́gùn níbí, ó sì ti gba tiẹ̀. Ó dàbọ̀."

Ni Tíńtín bá fò jáde nínú omi, ó sá sínú etí mi. Ó ní, "Bùọ̀dá Múfú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e ga mọ́. Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá gbé Alága ga, àwa là ń kéré sí i."

Mo ní, "Fara balẹ̀. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń bá ọ̀gá sọ̀rọ̀."

Mo dojú kọ ọ̀gá. "Sà, irùngbọ̀n yín yìí, kò sírú ẹ̀ láyé. Ó gùn débi ìgbànú."

Ọ̀gá ò ní irùngbọ̀n kankan tẹ́lẹ̀ o. Ló bá hù, ó gùn débi ìgbànú. Ìwo tẹ̀ lé e. Pátákò tẹ̀ lé ìwo. Ọ̀gá di òbúkọ, táì ṣì wà lọ́rùn ẹ̀, ó wá na ọrùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ rọ́bà tí mo gbà wọlé. Kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Obìnrin kan lórí bẹ́ńṣì kàn mí kanlẹ̀, ó ní, "Wọ́n ti lọ jẹun ọ̀sán nìyẹn."

Èmi náà ò bínú sí i. Ọ̀gá ni ọ̀gá. Mo ní, "Ẹ kú oúnjẹ, sà. Ṣùgbọ́n rọ́bà yẹn làwọn ọmọ mi fi ń mí."

Ó ń jẹ ẹ́ lọ, ó ní, "Sọ bí wọ́n ṣe tóbi tó gan-an, kí n tu ú sílẹ̀."

"Wọ́n tó apá mi, sà."

Ó gé e jẹ. Alága náà yanu, ó dojú ẹ̀ kọ etí mi. Tíńtín ò sọ̀rọ̀ mọ́, ó kàn tutù nínú ibẹ̀. Ẹ wò ó, ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́nu mi tó wúwo bí ọlọ. Mo fi gbogbo agbára tì í jáde.

"Wọ́n tó irun ìpéǹpéjú, sà."

"Gbogbo wọn?"

"Gbogbo wọn. Alága gan-an ò ju èékánná lọ. Tíńtín ní tiẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ rí i á wọ awò."

Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni Alága jò bíi bàlúùnù tí abẹ́rẹ́ gún. Àwọn tó wà lórí bẹ́ńṣì rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ṣubú sómi. Ojú tì mí, àmọ́ mo gbọ́ èémí kékeré kan nínú etí mi. Òbúkọ tu rọ́bà sílẹ̀. Mo kì í bọ ẹnu, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ atẹ́gùn. Mo fẹ́ ẹ, mo fẹ́ ẹ, páànù òrùlé ọ́fíìsì ṣí lọ!

Ẹnì kan ní, "Máa fẹ́ ẹ lọ. Má dúró."

Mo rò pé ọ̀gá ni. Nígbà tí mo lajú, Ìyá Àgbà ni. Ilẹ̀ ti mọ́, kò síná. Wọ́n jókòó sídìí gíláàsì, wọ́n ń fi kọ́ọ̀pù bu omi inú ẹ̀, wọ́n ń dà á padà látòkè kí atẹ́gùn lè wọ̀ ọ́. Apá bùbá wọn ti tutù dé èjìká. Alága nìkan ló wà nínú ike ọ̀dà lẹ́sẹ̀ wọn, asẹ́ tíì wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.

Wọ́n ní, "Mo ti ṣà á kúrò. Ó ti jẹ méjì kí n tó débẹ̀. Látìgbà tí wọ́n ti múná lọ ni mo ti ń bu omi yìí, ìwọ ń sùn. Ṣùgbọ́n o kúkú ń ṣe ìwọ̀nba tìẹ."

Wọ́n nawọ́ sí ẹnu mi. Rọ́bà ẹja ló wà níbẹ̀.

Mo yọ ọ́. Ojú eyín ti kún ara ẹ̀.

"Ta ló gé rọ́bà jẹ báyìí, Àkànjí?"

"Òbúkọ kan ni, Ìyá Àgbà. Ó wọ táì."

Wọ́n wo ojú eyín náà, wọ́n wá wo èjí mi. "Òbúkọ náà léjí bíi tìẹ?"

Mo fọwọ́ bo èjí mi.

Ibẹ̀ la wà tí iná fi dé. Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Mo sọ rọ́bà sínú omi, àmọ́ atẹ́gùn ò dúró dé ìdí ẹ̀, ihò eyín mi ló ń gbà jáde, omi ń hó níbẹ̀ ṣáá. Nídìí ihò tó kéré jù, nǹkan kan wà tó ń jó nínú atẹ́gùn náà. Irùngbọ̀n ẹ̀ kan wọ́.

Bùọ̀dá Látóyè, ẹ máa bọ̀ wá wò ó. Kò tó òbúkọ o. Ẹ mú awò yín dání.