Àkọ̀ Orí Ọ̀pá Èéfín

Èmi Raina ni mo pariwo. Mo fẹ́ kí ẹ tètè mọ̀ ọ́n, kí ẹ tó gbọ́ ìyókù, kí ẹ má baà máa wá ẹni tí ẹ máa bú kiri. Àwọn tó yẹ kí ẹ bú wà, wọ́n pọ̀, ṣùgbọ́n ẹnu tèmi ló kọ́kọ́ là.

Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń ṣe alábòójútó ilé ìsùn ìgbà òtútù ní Dolni Yavor. Ilé ẹ̀kọ́ jẹ́léósinmi ni tẹ́lẹ̀, kí ọmọdé tó tán nílùú. Ibùsùn méjìlá ló wà níbẹ̀, ààrò onígi méjì, àti igi plọ́ọ̀mù kan lójúde. Ẹni tí kò nílé lórí nílùú wa, ibẹ̀ ló ń sùn nígbà òtútù. Káńsù ló ń ra igi ìdáná àti búrẹ́dì, òun náà ló ń sanwó oṣù mi. Ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí lórí ọ̀rọ̀ náà kò ju ojú ewé kan lọ. Ó ní kí ilé ṣí ní ọjọ́ kìíní oṣù kejìlá, kó sì wà ní ṣíṣí títí òtútù yóò fi lọ tán. Kò dá ọjọ́ kankan. Ọkùnrin tó kọ ọ́ ti kú, ọmọlúàbí ni. Ó mọ̀ pé òtútù kì í wo kàlẹ́ńdà kó tó rọ́ lu èèyàn, ó sì fẹ́ fún wa láyè. Kò mọ irú ẹni tó máa jókòó sórí àga òun lọ́la.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, èèyàn mọ́kànlá ló wà lọ́dọ̀ mi. Bàbá Grozdan jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ọdún mẹ́tàdínlógójì ló fi ṣiṣẹ́ ní réluwéè, òun ló máa ń so àwọn ọkọ̀ mọ́ra wọn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló gbé ìwé kan wá pé kó fọwọ́ sí i, ó ní ìwé iná ni. Ìgbà tí bàbá máa fi mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ilé ti di ti ẹlòmíràn. Kó tó dé ọ̀dọ̀ wa ní oṣù kìíní, òtútù ti ba ọmọ ìka méjì jẹ́ lẹ́sẹ̀ ọ̀tún rẹ̀, dókítà sì gé wọn. Nọ́ọ̀sì Milka, tó máa ń wá wẹ egbò náà, fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Raina, gbọ́ mi dáadáa. Bí ẹsẹ̀ yìí bá tún fojú kan òtútù kí egbò tó jinná, kì í ṣe ọmọ ìka la máa gé mọ́ o. Ẹsẹ̀ ni."

"Ìgbà wo ló máa jinná?"

"Bó bá ń sùn nínú ooru, kó tó di ọdún Àjíǹde."

Ìjọba ti fún bàbá ní yàrá kan ní ilé àwọn arúgbó, ní olú ìlú ẹkùn wa. Ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹrin ni yàrá náà máa ṣófo. Abẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀ ni lẹ́tà yẹn wà, ó ti ṣí i kà títí ojú ibi tí wọ́n ti ṣẹ́ ẹ po ń fàya. Gbogbo ohun tó ń wá láyé kò ju kí orí òun má kúrò lábẹ́ òrùlé wa títí di ọjọ́ yẹn. Kò wá owó. Kò tilẹ̀ wá ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Nígbà tó di ọjọ́ kìíní oṣù kẹta, Sevda, tí òun náà ń sùn lọ́dọ̀ wa, so òwú pupa òun funfun mọ́ gbogbo wa lọ́rùn ọwọ́, ká lè bá Ìyá Àgbà Mátà rẹ́. Irin àlòkù ni Sevda máa ń ṣà tà, ẹnu rẹ̀ sì mú ju irin náà lọ. Arúgbó inú àlọ́ ni Ìyá Àgbà Mátà, òun ló ni oṣù yẹn, kò sì ṣeé fọkàn tán. Bó bá rẹ́rìn-ín, oòrùn yọ. Bínú bá bí i, yìnyín ni. A kì í tú òwú rẹ̀ títí ojú ẹni yóò fi kan ẹyẹ àkọ̀ àkọ́kọ́ tó ti ìrìn àjò dé, ìgbà yẹn la tó ń lọ so ó mọ́ igi tó bá ń rúwé. Ẹni tó bá rí àkọ̀ náà tó ń fò, ìrìn àjò ń bọ̀ wá bá a lọ́dún náà. Ẹni tó bá rí i tó dúró, ojú kan ni tirẹ̀. Gbogbo èèyàn ló máa ń tọrọ kí àwọn rí i lójú òfuurufú. Bàbá Grozdan ní òun kọ̀.

"Ọdún mẹ́tàdínlógójì ni mo fi ń wo ohun tó ń lọ. Ọkọ̀ ń lọ, èèyàn ń lọ, ilé mi gan-an bá wọn lọ. Tèmi kó dúró o jàre."

"Ẹ̀yin náà ẹ dúró nígbà náà," ni Sevda dá a lóhùn. "Ẹ yéé fi egbò ṣe ìrìn gbẹ̀fẹ́ kiri yàrá."

Ọjọ́ kọkànlélógún oṣù náà, oòrùn yọ, òjò dídì orí òrùlé ti yọ́ tán láti ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú. Igbákejì alága káńsù, Ognyan Terziev, wá kí wa pẹ̀lú ayàwòrán. Ọkùnrin náà mọ́ra, bàtà rẹ̀ ń dán, ó sì máa ń fọwọ́ lé èèyàn léjìká bó bá ń bá èèyàn sọ̀rọ̀. Ó kó ìbọ̀sẹ̀ wá fún wa.

"Bàbá Grozdan," ni Sevda pariwo, "ẹ ní kí wọ́n dín tiyín kù. Ọmọ ìka mẹ́jọ péré lẹ ní!"

Bàbá fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Terziev dì í lọ́wọ́ mú, ó kọjú sí ayàwòrán, ó ní, "Bàbá, ẹ má mikàn. Káńsù ò ní gbàgbé yín."

Ojúde la wà tí mo gbójú sókè. Mo rí ìyẹ́ funfun, mo rí dúdú etí ìyẹ́ náà, mo sì ké bí ọmọdé.

"Àkọ̀! Àkọ̀ ti dé o!"

Gbogbo ilé tú jáde. Bàbá Grozdan fa fìlà rẹ̀ bo ojú kíá.

"Ṣé ó ń fò ni? Ẹ má tàn mí o!"

"Ó ń fò! Ẹ má wò ó!" Sevda fọwọ́ méjèèjì di fìlà náà mú mọ́ ọn lójú. "Ó ń yí po. Ó tún ń yí po. Ẹ ní sùúrù. Ó fẹ́ bà... Ó ti bà! Ẹ wò ó!"

Orí ọ̀pá èéfín ilé iṣẹ́ tòmátì alágolo tí wọ́n ti tì pa ló bà sí. Ó pa ìyẹ́ mọ́, ó ká ẹsẹ̀ kan sókè, ó dúró lórí èkejì. Bàbá Grozdan wò ó títí omi fi yọ lójú rẹ̀. "Mo rí i," ló ń wí. "Mo rí i tó dúró."

La bá tú òwú, la ń so ó mọ́ igi plọ́ọ̀mù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rúwé. Terziev náà tú tirẹ̀, ó so ó, ayàwòrán ń ya àwòrán. Ó wá yíjú sí mi tẹ̀ríntẹ̀rín.

"Màmá Raina, ṣé ìgbà ìrúwé ti dé?"

Ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni máa ń bi ẹnikẹ́ni nídìí àkọ̀ nìyẹn, ìdáhùn kan ṣoṣo ló sì ní. Láti kékeré ni ìyá mi ti fi kọ́ mi. Mo dáhùn, mo tún pàtẹ́wọ́ sí i: "Ó ti dé! Òtútù ti lọ tán, ìlera ti wọlé!"

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ta ló ń ṣọ́ ẹnu nídìí àkọ̀?

Ní ọjọ́ kẹta, lẹ́tà dé láti káńsù. Wọ́n ní níwọ̀n ìgbà tí alábòójútó ilé fúnra rẹ̀ ti jẹ́rìí níwájú igbákejì alága pé òtútù ti lọ tán, owó ìgbà òtútù dópin, kí n ti ilé lọ́sàn-án ọ̀la. Ohun tó kù nínú owó náà yóò lọ sí ayẹyẹ ìgbà ìrúwé. Wọ́n fi àwòrán igi plọ́ọ̀mù náà sínú lẹ́tà, òwú wa ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lára ẹ̀ka rẹ̀.

Mo sáré lọ sí káńsù, mi ò bọ́ aṣọ ìdáná lọ́rùn. Gbàgede iwájú káńsù ni mo gbà kọjá, àwọn òṣìṣẹ́ ń gbin òdòdó, àwọn kan ń kan pátákó tí akọrin máa dúró lé.

"Sà, àṣà ni mo sọ," ni mo wí fún Terziev. "Kì í ṣe ẹ̀rí."

"Hà, màmá! Ṣé pé ẹ purọ́ lójú àkọ̀?" Ó rẹ́rìn-ín. Akọ̀wé rẹ̀ náà rẹ́rìn-ín.

"Bàbá kan wà lọ́dọ̀ mi, sà, ẹsẹ̀ rẹ̀..."

"Mo mọ bàbá. Ṣebí mo fún un ní ìbọ̀sẹ̀."

"Ó ti ní yàrá níbòmíràn. Ẹ fún wa di ọjọ́ kẹwàá oṣù tó ń bọ̀ péré. Kí wọ́n fi ààrò kan sílẹ̀ fún wa, a ò bèèrè méjì."

Ó dìde, ó fọwọ́ lé mi léjìká, ó sì mú mi lọ sójú fèrèsé. "Màmá, òdòdó ti wọlẹ̀. Ṣé kí n lọ máa hú òdòdó ni?"

Inú bí mi gidigidi. Mo sì ṣe ohun tí mò ń kábàámọ̀ títí dòní. Mo ní, "Ẹ ṣé, sà," mo sì jáde.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, mo ti ilẹ̀kùn. Sevda kó lọ sí àtíbàbà ìbátan rẹ̀ lẹ́yìn ìlú. Bàbá Grozdan dúró nídìí igi plọ́ọ̀mù pẹ̀lú àpò rẹ̀, lẹ́tà ilé arúgbó wà nínú àpò àyà rẹ̀.

"Máa lọ, àbúrò mi," ló wí fún mi. "Àwọn ará réluwéè ò ní lé mi."

Ẹ máa bi mí pé kí ló dé tí mi ò mú un lọ sílé. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni mò ń gbé, yàrá méjì. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Òórùn egbò, níbi tí mo ti ń jẹun? Ìwọ alára, ta ló ń gbà ọ́ sílé?" Mo lè sọ pé kó sùn lórí ibùsùn mi, kí n tẹ́ ẹní sílẹ̀. Mi ò sọ ọ́. Mo wo oòrùn lójú fèrèsé, mo sọ fún ara mi pé ọjọ́ díẹ̀ ló kù.

Lóòótọ́ ni àwọn ará réluwéè ò lé e lọ́sàn-án. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ ìkẹyìn bá ti lọ, wọ́n gbọ́dọ̀ ti yàrá ìdúró, òfin ni. Inú àlòkù ọkọ̀ ẹrù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin ló wá ń sùn. Ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹta, inú bí Ìyá Àgbà Mátà. Yìnyín rọ̀ fún ọjọ́ méjì gbáko, ó bo òdòdó Terziev mọ́lẹ̀. Nọ́ọ̀sì Milka ló wá bàbá rí. Gbogbo ìbọ̀sẹ̀ tó ní ló wọ̀ lé ara wọn, ti káńsù ló wà nísàlẹ̀ pátápátá, ó ti rin, ó sì ti lẹ̀ mọ́ egbò.

Ìsàlẹ̀ orúnkún ni wọ́n ti gé e.

Ilé arúgbó kọ̀wé. Wọ́n bá bàbá kẹ́dùn. Wọ́n ní ẹni tó lè dá rìn, tó lè dá wẹ̀, ni yàrá náà wà fún, nítorí náà wọ́n ti fún ẹni tó tẹ̀ lé e. Ilé ti àwọn tí kò lè dá rìn wà, ṣùgbọ́n èrò tó wà níwájú rẹ̀ níbẹ̀ pọ̀.

Ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹrin gan-an ni mo lọ wò ó ní ọsibítù. Mo gbé ọbẹ̀ ẹ̀wà dání. Wọ́n ti bá a fá irùngbọ̀n, ojú rẹ̀ ti rù. A jọ sọ̀rọ̀ ọbẹ̀, a sọ̀rọ̀ Sevda. Ó wá mú ṣíbí kúrò lẹ́nu.

"Raina, àkọ̀ ọjọ́ yẹn. Ẹsẹ̀ kan ló fi dúró, àbí?"

Mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu omijé.

"Ẹsẹ̀ kan ni. Mo rí i dáadáa." Ó tún bu ọbẹ̀. "Má sunkún mọ́. Èmi ni mo ní kí n wà lójú kan. Ta ló purọ́ fún mi níbẹ̀?"

Nígbà tí oṣù kejìlá tún dé, a ṣí ilé. Mo ti kọ̀wé lẹ́ẹ̀mẹta pé kí wọ́n fi ọjọ́ sínú ìwé yẹn. Wọ́n dáhùn pé bó ṣe wà ló dára. Ní ìparí oṣù kejì, awakọ̀ Terziev gbé páálí kékeré kan wá fún wa, ẹ̀bùn ni, àwòrán igi plọ́ọ̀mù wa wà lára rẹ̀. Òwú pupa òun funfun méjìlá ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ibùsùn kọ̀ọ̀kan. Sevda na ọwọ́ rẹ̀ sí mi pé kí n so tòun. Ó wo ojú mi, ó sì fà á padà.

Mo da gbogbo rẹ̀ sínú ààrò. Ó jóná kí n tó pa ilẹ̀kùn ààrò dé, yàrá ò sì gbóná.