Ọ Ńlá Ara Ọkọ̀ Kingsley

Ẹni tó bá sọ pé Moríkẹ́ ò gbọ́n, irọ́ ló pa. Ọgbọ́n kún inú rẹ̀ bámúbámú. Ibi tó máa ń lò ó sí ni kì í dára.

Kingsley kan ọkọ̀ ojú omi tuntun ní Ugbonla, ó sì fẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ ọmọ rẹ̀, ỌPẸ́FÓLÚWA, sí i lára ní lẹ́tà gàdàgbà. Ogójì ọdún rèé tí Bàbá Olówòkéré ti ń fi ọ̀dà kọ orúkọ sára ọkọ̀ létí omi yẹn. Moríkẹ́ fẹ́ gba iṣẹ́ náà mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó ti ra pátákó ìyàwòrán pẹlẹbẹ kan tí wọ́n ń so mọ́ kọ̀ǹpútà. Ohun téèyàn bá fi kálàmù rẹ̀ fà lórí pátákó ni yóò jáde lójú kọ̀ǹpútà. Bó bá yà á tán, wọn á tẹ̀ ẹ́ sórí bébà alálẹ̀mọ́ ní Ìgbókọ̀dá, wọn á sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọkọ̀. Oṣù mẹ́fà ló ti wà lẹ́nu ẹ̀, ẹnì kan ò tíì gbéṣẹ́ fún un. Ìyá rẹ̀ ti ní bí ti Kingsley bá tún bọ́, kó wá máa bá òun yan ẹja.

Ilé pákó tó dúró lórí omi ni wọ́n ń gbé. Bí ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì bá ti kọjá, ilẹ̀ á mì, ìlà á sì wọ́. Ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n ti ń ṣètò búrọ́ọ̀ṣì nínú kọ̀ǹpútà, ohun kan wà tó ń bá ọwọ́ gbígbọ̀n tún ìlà ṣe, láti òdo títí dé ọgọ́rùn-ún. Moríkẹ́ fi sí ogún, kò tó. Ó gbé e dé ọgọ́rùn-ún, ìlà wá ń wọ́ bọ̀ lẹ́yìn kálàmù bí ọkọ̀ tí wọ́n fi okùn fà. Ó dá a padà sí ọgọ́rin, ó fa Ọ tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ náà. Ọ náà dán, ó yípo rébété.

Lọ́sàn-án Sátidé, ó pe Kingsley àti Bàbá Olówòkéré wá síwájú ilé, àwọn aládùúgbò sì yí wọn ká. Ó fa Ọ tirẹ̀, wọ́n hó yèè. Ó ti kíyè sí i tipẹ́ pé ọwọ́ bàbá máa ń gbọ̀n bó bá di kọ́ọ̀pù tíì mú.

“Bàbá, ẹ̀yin náà ẹ gbìyànjú ẹ̀ wò,” ni ọmọ dáadáa wí. Ó kúnlẹ̀, ó fọwọ́ méjèèjì gbé kálàmù fún wọn. Kó tó dìde, ó ti rọra fa ọgọ́rin wálẹ̀ sí òdo. Ẹ ò rí ìwà ìkà!

Bàbá gba kálàmù, ọwọ́ wọn ń gbọ̀n. Moríkẹ́ fi eyín há ètè kí ẹ̀rín má bọ́. Ọkọ̀ kan kọjá, pákó mì. Bàbá ò fà á. Wọ́n dúró kí ìgbì lọ tán, wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n wá fi gbogbo apá, láti èjìká wá, yí kálàmù náà lẹ́ẹ̀kan. Ọ jáde, kò wọ́ níbì kankan.

“Moríkẹ́, tún tìẹ fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀,” ni Kingsley wí.

Ara Moríkẹ́ ti gbóná, ó sì ti gbàgbé iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀. Ó já kálàmù gbà, ó fà á. Ọ tó jáde dà bí ọ̀dùnkún tí eku jẹ kù.

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Ìyá rẹ̀ pàápàá ò lè mú un mọ́ra. Ìgbà yẹn ni ojú Moríkẹ́ tó bọ́ sórí òdo. Bó bá ní òdo ló fà á, wọn á bi í pé ta ló gbé e débẹ̀. Ojú tì í débi pé omijé ń bọ̀.

Bàbá ti rí ìka rẹ̀ nígbà tó kúnlẹ̀ tó ń fa nǹkan wálẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí etí rẹ̀. “Ọma mi, mélòó lo fi sílẹ̀ fún mi?”

“Òdo, bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí.”

Bàbá bú sẹ́rìn-ín. “Nígbà témi wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́, omi òkun ni mo bù sínú ọ̀dà ọ̀gá mi.” Wọ́n yíjú sí Kingsley. “Ẹ̀gbẹ́ méjì lọkọ̀ ní. Tèmi lọ̀tún, tiẹ̀ lòsì. Ṣùgbọ́n kò ní lẹ nǹkan kan mọ́ ọn o. Búrọ́ọ̀ṣì mi ló máa fi kọ ọ́, lójú omi.”

Lọ́jọ́ Ajé, Moríkẹ́ jókòó sínú ọkọ̀ ọlọ́pọ́n kékeré, búrọ́ọ̀ṣì ń kán ọ̀dà lọ́wọ́ rẹ̀. Lókè, nínú ọkọ̀ Kingsley, bàbá ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì mi ọkọ̀ sọ́tùn-ún sósì, wọ́n ń súfèé.

“Bàbá! Ẹ jókòó jẹ́ẹ́!”

“Ṣé èmi ni? Omi ni.”

Moríkẹ́ gbé ọwọ́ dúró. Bàbá tún mì ín, ó ṣì dúró. Nígbà tí ẹsẹ̀ ro bàbá tí wọ́n sinmi díẹ̀, ó mí kanlẹ̀, ó sì fi gbogbo apá yí Ọ náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.