Nígbà tí Aṣọ́ààlà Pa Ẹnu Mọ́

Onígbàjámọ̀ náà, bó bá ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, kò ṣeé dá dúró. Ṣùgbọ́n ilé ni ẹnu rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ tó le jù, láàárín ìyá rẹ̀ àti ìyàwó rẹ̀, tó ń fi eṣinṣin ṣe ìwádìí sáyẹ́ǹsì. Bí ìyá bá bi í lórí fóònù pé kí ni obìnrin yẹn ń wá láàárín eṣinṣin látàárọ̀ dalẹ́, tí ọkọ rẹ̀ fi ń jẹ oúnjẹ tútù, á yíjú sí ìyàwó, á ní Mọ́mì ní kó kú iṣẹ́. Bí ìyàwó bá ráhùn ní tirẹ̀ pé ẹni tí kò fẹ́ oúnjẹ tútù kò rọ lápá, á sọ sínú fóònù pé ó ní wọ́n ṣeun. Ẹyin lọ̀rọ̀, òun ló ń gbà á mú kó má baà balẹ̀.

Àfi ìgbà tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní ọ̀fun. Dókítà ní kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ rárá fún ọ̀sẹ̀ méjì. Bí ìyá ṣe gbọ́, ó di ẹrù rẹ̀, ó ní òun ń bọ̀ wá tọ́jú ọmọ òun. Jìnnìjìnnì bo onígbàjámọ̀. Ó dá a lójú pé bí àwọn méjèèjì bá gbọ́ ohùn ara wọn láìsí òun láàárín, ilé á tú.

Ìyá ní òun fẹ́ fojú ara òun rí àwọn eṣinṣin ọ̀hún, ni ìyàwó bá mú un lọ síbi iṣẹ́. Onígbàjámọ̀ tẹ̀ lé wọn bí ẹni tó bu omi sẹ́nu. Ìgò kéékèèké ló tò lọ bẹẹrẹ lórí pẹpẹ, òwú ní ẹnu wọn, eṣinṣin tí í bà lé èso ń rìn nínú wọn. Ìyàwó gbé ọ̀kan sábẹ́ awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá.

“Ẹ wo ikùn rẹ̀, mà. Abala kọ̀ọ̀kan ló ní àṣẹ tirẹ̀. Purotéènì kan ló ń jókòó sí ààlà bí aṣọ́ààlà, kí àṣẹ abala keje má baà wọ ti ẹ̀kẹfà. A ti ba ìjókòó rẹ̀ jẹ́ nínú eléyìí, ẹ̀kẹfà wá ń ṣe bí èkeje.”

Ìyá bi í bóyá ó ń dun eṣinṣin náà. Ìyàwó ní kò jọ bẹ́ẹ̀, ó ń jẹ, ó ń mu. Ìyá bá gbójú kúrò lára awò.

“Ṣé lóòótọ́ lo ń jẹ́ kí ọmọ mi jẹ oúnjẹ tútù?”

Onígbàjámọ̀ dijú.

“Lóòótọ́ ni, mà. Ọwọ́ rẹ̀ kò rọ.”

Ìyá pàtẹ́wọ́. “Ohun tí mo sọ fún bàbá rẹ̀ gan-an nìyẹn.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí eṣinṣin kan fi ráyè sá lọ. Láti ọjọ́ náà ni àwọn méjèèjì ti ń jókòó sọ ọ̀rọ̀ onígbàjámọ̀ lójú rẹ̀ bí ẹni pé kò sí nílé, bó ṣe ń hanrun àti bó ṣe ń fi aṣọ sílẹ̀ káàkiri. Kó tó di ọ̀sẹ̀ kejì, ìyàwó ti ń pòṣé bí ìyá, ó sì ń yẹ ẹ̀yìn etí ọkọ rẹ̀ wò bóyá ó fọ̀ ọ́. Onígbàjámọ̀ ń gbé oúnjẹ ara rẹ̀ kaná, ó ń fọ abọ́, ó sì ń ṣètò ọ̀rọ̀ gígùn tí yóò fi tún ilé ṣe lọ́jọ́ tí ẹnu rẹ̀ bá là.

Lọ́jọ́ tí dókítà tú u sílẹ̀, bó ṣe bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà ni ohùn kan ké láti ilé ìdáná pé ta ló kó bàtà sójú ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ gígùn pòórá lórí rẹ̀.

“Ẹ má bínú, Mọ́mì,” ló sọ.

Ìyàwó rẹ̀ ló yọ jáde, ọwọ́ ní ìbàdí. Ìyá rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Onígbàjámọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé bàtà. Inú rẹ̀ dùn pé ilé ò tú, ó sì dùn ún wọra pé ìyá òun ti di méjì.