Okùn Ìwọ̀ Tí Mo Wé Mọ́wọ́

Kúbúrá, jọ̀ọ́ má tíì pa fóònù. Àlá tí mo lá mọ́jú ń dà mí láàmú. Èmi àti Bọ̀ọ̀dá Làmídì, ẹ̀gbọ́n mi, ń fi ìwọ̀ pẹja lórí adágún, àmọ́ inú yàrá ìyá wa ni adágún náà wà, ibùsùn rẹ̀ sì ni ọkọ̀ wa. Mo wé okùn ìwọ̀ mọ́ ọwọ́. Bẹ́ẹ̀ ohun tí bọ̀ọ̀dá ò gbà fún wa láti kékeré nìyẹn, torí ẹja ńlá lè fa èèyàn wọ omi.

Ẹja gbé e. Mo ń fà á, okùn ń bó mi lọ́wọ́. Nígbà tó yọrí, bọ̀ọ̀dá ni, ojú rẹ̀ funfun bí ikùn ẹja. Mo bojú wẹ̀yìn, kò sẹ́nì kankan nínú ọkọ̀ mọ́.

Ó ní, "Sàfú, tú okùn yẹn, kí n má baà fà ẹ́ wọ omi." Mi ò tú u. Ó sì ń wúwo sí i.

Mi ò mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Mo ti ń pe bọ̀ọ̀dá láti ìgbà tí mo jí, fóònù rẹ̀ ò wọlé. Ìwọ lo ń gbé létí omi. Bá mi yọjú wò ó bóyá ọkọ̀ rẹ̀ ṣì wà níbi tó ń so ó mọ́. Máa lọ. Mi ò ní pa fóònù.